Èsì: Ta ló máa ka àròkọ yín?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìwé ìròyìn àdúgbò yín ti dá àròkọ yín padà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sì ń béèrè ibi tí àṣìṣe wà. Èdè yín dán mọ́rán. Àwọn tó máa kà á gan-an ni ẹ kò tíì mọ̀.

Ẹ kó ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà bíi mẹ́fà jọ, kí ẹ kọ́kọ́ wo ìpolówó ọjà inú wọn (bẹ́ẹ̀ ni, ìpolówó!). Ẹni tó ń náwó síbẹ̀ ti mọ ẹni tó ń ra ìwé náà. Bó bá jẹ́ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló pọ̀ jù, àwọn òbí ọlọ́mọ kékeré ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ awò ojú àti oògùn oríkèé, àgbà ni wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ ka lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé ń kọ sí olóòtú. Ohun tó ń bí wọn nínú wà níbẹ̀.

Nínú àròkọ yín lórí owó orí, ìpínrọ̀ kẹrin ni ẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó kan ará àdúgbò. Ẹ gbé e wá sókè. Ẹ sì wo gígùn ohun tí wọ́n máa ń tẹ̀: ọ̀rọ̀ 800 kò lè wọ àyè 400.