Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe ṣakabùlà nílé: ṣé ó ṣeé ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtòsí Sábó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìbọn àtijọ́ nílé, irú èyí tí a ń gba ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta. Ó wù mí gan-an. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ṣakabùlà wọn ṣì wà lára ògiri nílé wa. Mo fẹ́ wo tiwọn ṣe tèmi. N kò fẹ́ lọ ṣọdẹ o, kí ọwọ́ má kàn dilẹ̀ lásán ni. Mo ti rí páìpù irin kan tó nípọn. Ṣé mo lè ṣe é nílé? Igi wo ni kí n lò? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ náà. Páìpù yẹn ni kí a kọ́kọ́ sọ. Dá a padà fún ẹni tó tà á fún ọ, tàbí kí o fi ṣe ọ̀pá kọ́tìnnì. Ìbọn tó lè dún, má ṣe é nílé. Òfin kò gbà á, ara rẹ náà kò sì ní gbà á.

Àwọn tí ò ń wò yẹn, òfin ìlú wọn ló fàyè gbà wọ́n. Òfin ìbọn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1968 ya ìbọn àtijọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù, títí kan èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tó ń lo ẹ̀tù dúdú, tí a sì ń gba ẹnu rẹ̀ kì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ra ẹ̀yà rẹ̀ nínú páálí kí wọ́n tò ó pọ̀, àfi bí ìpínlẹ̀ wọn bá ní òfin tirẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1959, dárúkọ ṣakabùlà mọ́ àwọn ohun tó ń ṣọ́, ó sì ka ṣíṣe ìbọn, títò ó pọ̀ àti títún un ṣe láìgbàṣẹ sí ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Bí o bá ní eré lásán ni, ọlọ́pàá kò ní bá ọ rẹ́rìn-ín. O lè sọ pé àwọn alágbẹ̀dẹ kan ń rọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Mo mọ̀. Pé ọwọ́ kò tíì tẹ̀ wọ́n kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Ti ara rẹ wá ńkọ́? Ti ìka bọ ẹnu páìpù yẹn. Bó bá jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, wàá kan ìlà kan tó yọ díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká, ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó o pọ̀ nìyẹn. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Agbára ẹ̀tù kì í rọra dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tú jáde, ibi tó bá sì rọ̀ jù ló máa wá. Bí irin bá là, ọwọ́ òsì tó gbá ìbọn mú wà níbẹ̀, ojú kò sì jìnnà. Béèrè nílé ọdẹ èyíkéyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ bóyá wọn kò mọ ẹni tí ṣakabùlà gé níka rí.

Àwọn tó ń ṣe é níṣẹ́ pàápàá kò fojú kékeré wò ó. Ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú ìbọn tí wọ́n ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà náà lọ́hùn-ún ti ń wá. Lọ́dún 1813, wọ́n dá ilé ìdánwò ọ̀pá ìbọn sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn a ki ẹ̀tù tó ju ìwọ̀n lọ sínú ọ̀pá, wọn a yin ín láìsí ẹni tó dì í mú, èyí tí kò bá là ni wọn a lu òǹtẹ̀. Ta ni yóò lu òǹtẹ̀ fún páìpù tìrẹ?

Ohun mìíràn tún wà tí fídíò lè má sọ fún ọ. Ìbọn tí wọ́n ń ṣe yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá ṣakabùlà. Inú ṣakabùlà ń dán ni, ó lọ gbọọrọ. Tiwọn, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ará Jámánì tó kó lọ sí Pennsylvania bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, ní ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú ọ̀pá, tó ń lọ́ díẹ̀díẹ̀ bí okùn tí a fi ọwọ́ lọ́. Ìlà yẹn ló ń mú kí ọta máa yí bó ti ń lọ, kó má baà yà bàrá. Irinṣẹ́ tó ń gbẹ́ irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà ń ra ọ̀pá àti ẹ̀rọ ìyìnbọn ní ṣíṣe tán ni. Igi ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Òun ló ń gba oṣù lọ́wọ́ wọn, òun náà ló sì ń dùn ún wò nínú fídíò. Iṣẹ́ tìrẹ ló wù ọ́ lára iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, gbẹ́ ìbọn tí kò ní dún láéláé. Èmi ń gbẹ́ irú rẹ̀ níbí ní Ọ̀yọ́ fún àwọn eléré orí ìtàgé, àti fún ilé tó fẹ́ fi rántí ọdẹ wọn. Ọ̀pá rẹ̀ gan-an, igi ni kí o fi ṣe é, kí inú rẹ̀ kún. Lu ihò sí ẹnu rẹ̀, kó má jìn ju ìdajì ìka lọ, kó lè dà bí ìbọn lójú. Má fi irin oníhò kankan sí i, má sì fi ohun tó ń ta pàó tàbí tó ń ṣáná sí i.

Ní ti igi, fi mẹlaínà dán ọwọ́ wò ná, ó rọ̀, kò sì wọ́n. Bí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn, wá àpá. Ó wúwo, ó ń mú ṣísù kú, ṣùgbọ́n bí o bá fi òróró pa á, wàá gbàgbé ìyà tó fi jẹ ọ́. Ìrókò náà dára, àmọ́ bo imú rẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń mú èèyàn wúkọ́. Èyíkéyìí tí o bá mú, kó gbẹ dáadáa. Máa gbé pákó náà lé òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́ ni kí o gé e, torí ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í dárí ji igi tútù.

Kí o tó fa ìlà, fi omi pa ẹ̀gbẹ́ pákó náà kí o lè rí bí ìṣàn igi, ìyẹn àwọn ìlà tó wà lára rẹ̀, ṣe lọ. Ibi tí ìdí ìbọn ti tẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún ń dì mú, ibẹ̀ ló tín-ín-rín jù. Ìṣàn igi gbọ́dọ̀ bá ọrùn yẹn lọ gbọọrọ. Bó bá dá a kọjá, ọjọ́ tí ọmọdé bá gbé e ṣubú ni yóò dá sí méjì.

Ibi tó gba sùúrù jù ni ibi tí irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ìbọn ti ń wọnú igi. Gé irin náà láti ara páànù lásán, torí ẹ̀ṣọ́ ni. Fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè iná àtùpà kẹrosíìnì kí èéfín bò ó dúdú. Gbé e lé ojú ihò pẹlẹbẹ tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ fún un lára igi, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí o gbé e kúrò. Wàá rí tótòtó dúdú lára igi, ibi tó ga nìyẹn. Fi ṣísù tó mú há ibẹ̀ nìkan, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kí o tún fi èéfín pa irin, kí o tún tẹ̀ ẹ́. Máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dúdú yóò fi kárí, tí irin yóò fi jókòó láìsí àlàfo tí pépà lè gbà wọlé. Ẹni tó bá ń kánjú a há jù, a sì máa fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi bo àṣírí. Ojú á rí i.

Fi sáńpépà dán an, kí o fi òróró linseed pa á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ kí o tó tún un pa. Àkísà tí o bá fi pa á, má ká a jọ sí kọ̀rọ̀: òróró yẹn lè gbóná fúnra rẹ̀ kó gbiná. Tẹ́ ẹ síta. Bí o bá fẹ́ okùn awọ sí i, oníṣọ̀nà awọ kò wọ́n ní Ọ̀yọ́. Kun ẹnu ìbọn náà ní pupa, má sì gbé e sórí ọ̀kadà láìdì í. Ẹni tó bá rí i lókèèrè lálẹ́ kò ní béèrè bóyá igi ni.

Ó ku ti bàbá àgbà, tí o fẹ́ wò ṣe àwòkọ́ṣe. Má tíì fi téépù wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ṣakabùlà tó wà lára ògiri, ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí olówó rẹ̀ ti gbé e kọ́, ọjọ́ orí kì í sì í fi gbogbo ìgbà pa ẹ̀tù. Ká àwọn ọmọ kúrò nítòsí. Dúró sí ẹ̀gbẹ́, má dúró síwájú ẹnu rẹ̀. Rọra ti ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi dúró, fi ìka sàmì sí i ní ẹnu ìbọn, kí o yọ ọ́, kí o sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn náà níta, kí àmì yẹn wà ní ẹnu rẹ̀. Bí orí ọ̀pá igi kò bá dé ibi ihò iná tó wà ní ìdí ọ̀pá ìbọn, nǹkan wà nínú rẹ̀. Má wa á, má gbá a, má gbé e súnmọ́ iná. Ké sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Bí wọ́n bá sì ti dé, béèrè lọ́wọ́ wọn ìwé tí ìdílé yín nílò kí ìbọn náà lè máa wà nílé.