Nípa CEA bàbá yín tó gòkè, àti àyẹ̀wò cortisol

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá wọn ti ràn dé ẹ̀dọ̀, pé lẹ́yìn kímò (oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ) àkọ́kọ́, CEA wọn fò láti 38 sí 61, pé dókítà tún wá ní kí wọ́n lọ yẹ cortisol àti testosterone wò. Ẹ ń bèèrè bóyá àìsàn náà ti burú sí i nìyẹn. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi tọ́jú àbúrò mi ọkùnrin lórí àìsàn yìí kan náà, ní Òmù-Àrán, kó tó jáde láyé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

CEA kì í ṣe họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Èròjà kan tí jẹjẹrẹ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, kì í sábà ju 5 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sìgá lásán lè gbé e sókè díẹ̀. Kímò pàápàá máa ń gbé e sókè lára àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ń tẹ̀ síwájú, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo èyí tó ń bọ̀ mọ́ ọn, kó sì fi síkáànù (àwòrán inú ara) tì í, kí ẹ tó sunkún.

Cortisol ní tirẹ̀, họ́mọ̀nù ni. Lára ẹni tó ní àlàáfíà, ó máa ń ga ní ìdájí, á máa lọ sílẹ̀ títí di òru. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti wọ ara, ìlọsókè-sódò yẹn lè dàrú: àárọ̀ kò ga tó, alẹ́ kò wálẹ̀ tó, àárẹ̀ àti àìsùn á sì máa bá a rìn. Ìdí nìyẹn tí aago tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Èyí dùn mí títí dòní. A jáde nílé ní aago méje àárọ̀, mọ́tò bàjẹ́ sí wa lọ́wọ́ ní Ìdọ̀fíàn, aago méjì ọ̀sán ni a tó dé láàbù kan ní Ìlọrin. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi wá ní ìbéèrè kan. Èsì jáde, ó lọ sílẹ̀ gan-an, a fi odindi òpin ọ̀sẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí dókítà rí i, ó ní: "Aago mélòó ni wọ́n gbà á? Ṣé kò sí dexamethasone lára rẹ̀?" Ó wà lára rẹ̀. Wọ́n fún un kó má baà máa bì nígbà kímò. Oògùn yẹn ń ṣe iṣẹ́ cortisol, bó bá ti wà nínú ara, ara á dín tirẹ̀ kù. Owó wa wọgbó. Ẹ má sì torí èyí dá oògùn náà dúró fúnra yín o, ó léwu.

Testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin, máa ń lọ sílẹ̀ lára ọkùnrin tí jẹjẹrẹ ti ràn, mọ́fíìnì, oògùn ìrora líle, náà sì ń fà á sílẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi dókítà pé: bó bá lọ sílẹ̀, kí lẹ máa ṣe sí i? Bí kò bá ní ohun tó máa ṣe, ẹ fi owó yẹn ra ẹyin àti wàrà fún bàbá.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni ìwé ọmọ iléèwé kan. Àwọn dókítà ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní EORTC QLQ-C30, ìbéèrè 30, lórí oorun, ìrora, oúnjẹ, ìrìn, àní lórí owó tí àìsàn ń jẹ. Mo yan márùn-ún níbẹ̀, mo ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ lálaalẹ́. Ojú ewé kan rèé: "Sùn 10. Jí 1. Kò padà sùn. Ẹ̀kọ: ààbọ̀. Rìn: dé ẹnu ọ̀nà." Awakọ̀ ni àbúrò mi, ọ̀nà Ìlọrin ni ó ń ná kó tó dùbúlẹ̀. Lóru bẹ́ẹ̀, á jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ á mọ́ kedere bíi ti ẹni tó ń retí èrò ìkẹyìn kó lè gbéra. Èmi rò pé ìbẹ̀rù ikú ni.

Nọ́ọ̀sì kan ló gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Mà, aago mélòó lẹ ń fún wọn ní dexamethasone ẹlẹ́ẹ̀kejì?" Mo ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó pe dókítà, wọ́n sún un sí ọ̀sán. Ní alẹ́ kẹta, ó sùn di ìrun Àsùbáà. Oògùn tí mo ń fi ọwọ́ ara mi fún un ló ń lé oorun lójú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí èsì láàbù kan tó sọ ọ́ fún wa.

CEA rẹ̀ kò wálẹ̀ lóṣù yẹn. Síbẹ̀ oṣù yẹn ló rìn dé garáàjì, tó jókòó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ bi bàbá pé aago mélòó ni wọ́n jí lóru àná, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ aago tí wọ́n lo oògùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà dání lọ rí dókítà.