Kí Ló Dé Tí Máíkírósíkóòpù Tó Ń Rí Kòkòrò Ibà Kò Fi Lè Rí Fáírọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Mò ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí. Máíkírósíkóòpù wa máa ń sọ nǹkan di ìlọ́po 1,000, a sì máa ń rí kòkòrò ibà dáadáa. Ọ̀gá mi ní bí a tilẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po 10,000, a kò ní rí fáírọ́ọ̀sì rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ṣé lẹ́ǹsì wa ni kò dára tó ni?

Ìdáhùn: Lẹ́ǹsì yín kò ní àléébù, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pa ààlà sí bí ohun tí ẹ lè rí ṣe lè kéré tó, nítorí pé ìgbì ni. Ẹ bu omi sínú bàsíà fífẹ̀, kí ẹ fi bíríkì méjì dínà rẹ̀ débi pé àlàfo tóóró ni yóò kù láàárín wọn, kí ẹ wá fi ìka rọra lu omi náà láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ìgbì tó bá gba àlàfo yẹn kọjá kò ní lọ tààrà bí ọfà. Yóò tàn bí abẹ̀bẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe lẹ́nu lẹ́ǹsì. Ohun tó kéré jọjọ kì í jáde gẹ́gẹ́ bó ti rí, bí kò ṣe bí àmì roboto tí òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ yí ká. Bí irú àmì méjì bá súnmọ́ra jù, wọn yóò wọnú ara wọn, a ó sì kà wọ́n sí ẹyọ kan. Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po 10,000, bàìbàì yẹn náà ni yóò kàn fẹ̀ sí i.

Ernst Abbe, ará Jámánì, ló gbé òfin ààlà yìí kalẹ̀ ní 1873: ẹ pín gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ sí méjì, kí ẹ tún fi nọ́ńbà tó ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń gba ìtànṣán wọlé tó pín èyí tó kù. Lára lẹ́ǹsì onílọ̀ọ́po 100 tó súnmọ́ ohun tí ẹ ń wò, nọ́ńbà náà sábà máa ń jẹ́ 1.25. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé gùn tó nǹkan bí nánómítà 550 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà), nítorí náà ààlà yín jẹ́ 220. Kòkòrò ibà fẹ̀ ju 1,000 lọ. Fáírọ́ọ̀sì tí ẹ dárúkọ kò ju nǹkan bí 30 lọ.

Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín epo tí ẹ ń kán sórí gíláàsì láti dí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti lẹ́ǹsì o. Láìsí i, ìtànṣán tó dagun yóò yà kúrò lọ́nà bó ṣe ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́, kò sì sí lẹ́ǹsì tí nọ́ńbà rẹ̀ yóò kọjá 1. Epo yìí ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bí gíláàsì ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìtànṣán a sì kọjá láìyà. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yín, ìkán epo kan ṣoṣo yẹn ló tọ́ sí àkíyèsí jù.

Ìmọ́lẹ̀ búlúù, tí ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bí 450, lè mú ààlà náà wá sí 180, ṣùgbọ́n 180 ṣì jìnnà sí 30. Ìgbì tó kúrú jìnnà sí ti ìmọ́lẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ń fẹ́, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sì ni ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, tí Ernst Ruska àti Max Knoll lò dípò ìmọ́lẹ̀ nínú máíkírósíkóòpù tí wọ́n kọ́ ní Berlin ní 1931.