Ṣé a máa sanwó ọkọ̀ orí wáyà ní Disney World, ṣé ìyá mi tó ń lo àga onítáyà sì lè wọ̀ ọ́?

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, ará Iléṣà. Ọ̀fẹ́ ni. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni Disney Skyliner, ìyẹn ọkọ̀ orí wáyà náà, ti ń gbé èrò láàárín àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan àti ọgbà ìgbafẹ́ méjì ní Disney World, EPCOT àti Hollywood Studios. Kò dé ọgbà Magic Kingdom. Bọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọ̀ lọ síbẹ̀.

Ìyá lè wọ̀ ọ́ dáadáa lórí àga wọn. Àyè ọ̀tọ̀ wà tí ọkọ̀ náà ti máa ń dúró pátápátá kí wọ́n lè wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, inú mi sì dùn sí èyí gan-an. Àmọ́ kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, atẹ́gùn ojú fèrèsé nìkan ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń dá a dúró tí mànàmáná bá ń kọ. Ọ̀sán ni àrá sábà máa ń sán ní Florida nígbà ooru wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìyá wọ̀ ọ́ láàárọ̀.