Ọbẹ̀dò ti bo táńkì ẹja omi iyọ̀ mi: oògùn wo ni kí n dà sí i?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Ó ti di oṣù kẹrin báyìí tí mo gbé táńkì ẹja omi iyọ̀ kan sí pálọ̀, ó gba nǹkan bíi 200 lítà. Ẹja clownfish méjì àti òkúta òkun ló wà nínú rẹ̀. Láti bí oṣù kan ni ọbẹ̀dò ti ń dà mí láàmú: ara gíláàsì pọ́n bí irin tó dógùn-ún, àwọn òkúta sì ti hu nǹkan bí irùngbọ̀n, àwọ̀ ewéko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti da gbogbo omi nù, tí mo fi omi bọ́ọ̀hóòlù fọ òkúta, tí mo sì po omi iyọ̀ tuntun. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó fi padà. Àwọn ọmọ fẹ́ràn àtimáa wo ẹja náà, nítorí náà iná orí rẹ̀ kì í kú láti àárọ̀ títí a ó fi lọ sùn. Wọ́n tún ń fún un lóúnjẹ nígbàkúùgbà. Bí omi bá fà, omi iyọ̀ ni mo fi ń kún un. Ẹnì kan ní kí n da álọ́ọ̀mù sí i, ẹlòmíràn ní kí n kán búlíìṣì díẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?
Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, nítorí mo mọ ohun tí iyọ̀ òkun ń ṣe fún àpò ẹni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da nǹkan kan sí i. Búlíìṣì á pa ẹja, á sì pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá yín tún omi ṣe. Álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi odò tòrò kò níṣẹ́ níbí. Oògùn apọbẹ̀dò inú ìgò ńkọ́? Bàbà wà nínú púpọ̀ wọn, májèlé sì ni bàbà fún ìgbín òkun àti iyùn ààyè. Ká tilẹ̀ ní ó ṣiṣẹ́, ọbẹ̀dò tó kú náà á jẹrà sínú omi kan náà, á gba atẹ́gùn mọ́ ẹja lọ́wọ́, gbogbo ohun tó ti jẹ á sì tú padà fún ọmọ rẹ̀.

Oúnjẹ ni ká wò. Ọbẹ̀dò kì í hù níbi tí kò ti rí jẹ, ẹ̀yin lẹ sì ń bọ́ ọ láìmọ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo rí nínú lẹ́tà yín, bọ́ọ̀hóòlù ni mo fura sí jù.

Òkun jìnnà sí Èkìtì, òkúta la ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí rí Òkè Ọlọ́sunta lójoojúmọ́ ò nílò kí n tún ìyẹn sọ. Omi tó ti pẹ́ láàárín àpáta máa ń yọ sílíkà lára rẹ̀. Nǹkan pípọ́n ara gíláàsì yẹn, irú ọbẹ̀dò tíńtín kan ni, diatom ló ń jẹ́, sílíkà yìí gan-an ló sì fi ń kọ́ èèpo ara rẹ̀. Bí kànga náà bá tún sún mọ́ ṣáláńgá tàbí oko tí wọ́n ń da ajílẹ̀ sí, náítíréètì lè wà nínú rẹ̀, oúnjẹ irùngbọ̀n orí òkúta nìyẹn. Ẹ wá rí i pé ìgbà méjèèjì tí ẹ da omi nù, ṣe lẹ pààrọ̀ abọ́ fún un.

Omi tó gba inú ẹ̀rọ RO kọjá lẹ nílò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú asẹ́ tó wẹ́ gan-an, tí púpọ̀ nínú ohun tó yòrò sínú omi kì í bá a kọjá. Ẹ lè ní ṣé píọ̀ wọ́tà ò dáa ni? Àwọn kan ń lo RO, àwọn mìíràn kàn sẹ́ omi bọ́ọ̀hóòlù ni, wọ́n sì fi ìtànṣán iná UV pa kòkòrò inú rẹ̀. Ara ọ̀rá kò lè sọ ìyàtọ̀ fún yín. Ẹ ra mítà TDS, ohun tó ń wọn bí nǹkan tó yòrò sínú omi ṣe pọ̀ tó, kò tóbi ju bírò lọ. Ẹ tì í bọ omi: bí ó bá sún mọ́ 0, ẹ lò ó, bí ó bá ń ka 80 tàbí 150, ẹ fi mu gààrí. Omi òjò tó gba orí páànù kọjá kò dáa rárá, nítorí síńkì ara páànù.

Ẹ má tún da gbogbo omi nù mọ́. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Adó: mo fi omi ẹ̀rọ fọ òkúta oníbàárà kan títí ó fi mọ́ tónítóní. Ojú ara òkúta yẹn làwọn kòkòrò tó ń sọ amóníà, májèlé tó ń jáde lára ẹja, di ohun tí kò léwu ń gbé, mo ti fọ wọn dànù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí amóníà fi pa ẹja rẹ̀. Èmi ni mo sanwó. Fún táńkì yín, 20 lítà lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ wọn omi RO sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ da iyọ̀ òkun tí wọ́n ṣe fún táńkì ẹja sí i, nǹkan bíi gíráàmù 700 sí 750. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní magnẹ́síà àti kálísíọ́ọ̀mù tó yẹ nínú. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù kékeré máa rò ó mọ́jú.

Bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn àti ọyẹ́ ń fa omi, wọn kì í fa iyọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi omi iyọ̀ dí àlàfo, iyọ̀ ń le sí i ni. Omi RO lásán ni kí ẹ fi máa kún un. Ẹ fi hydrometer, ohun tí a fi ń wọn bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi, wò ó, 1.025 là ń wá. Bí ó bá ti kọjá 1.028, ẹ má fà á wálẹ̀ lọ́jọ́ kan; ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ara ẹja lè gbà á.

Iná orí táńkì, wákàtí mẹ́jọ. Ẹ ra táímà kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà pẹ̀lú àwọn ọmọ, kó máa tàn láti aago méjì ọ̀sán di mẹ́wàá alẹ́. Wọ́n á ti dé láti ilé ìwé. Oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ohun tí ẹja méjì lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì péré. Ẹ gbé ike oúnjẹ náà sókè níbi tí ọwọ́ àwọn ìbejì ò ní tó.

Irùngbọ̀n yẹn, ọwọ́ lẹ ó fi fà á. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tuntun ha á, kí ẹ sì fi rọ́bà fà á jáde pẹ̀lú 20 lítà tí ẹ fẹ́ pààrọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó já sínú omi, á gbéra níbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ra ìgbín òkun bíi Trochus, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹnì kan ti bi mí rí bóyá ìgbín odò Èkìtì ò lè ṣe é. Omi iyọ̀ á pa á, á sì bà jẹ́ sínú táńkì yín.

Ẹ máa ṣọ́ ọ̀kan: bí ẹ bá fi ohun èlò àyẹ̀wò wo náítíréètì àti fọ́síféètì, àwọn méjèèjì tí ọbẹ̀dò ń jẹ, tí ó ń ka 0, ẹ má tíì yọ̀. Ọbẹ̀dò lè ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó wọn omi. Amóníà àti náítíráìtì (ohun tí amóníà kọ́kọ́ ń dà, kì í ṣe náítíréètì) nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ rí ní 0.

Ti iná tí wọ́n ń mú lọ, ẹ ra pọ́ǹpù atẹ́gùn tó ń lo bátìrì. Lóru ọjọ́ tí ooru bá mú, omi tí kò rú mọ́ kò ní atẹ́gùn tó fún ẹja, jẹnẹrétọ̀ sì lè kọ̀ láti gbéra.

Ẹ ó kọ́kọ́ rí i tí nǹkan pípọ́n ara gíláàsì ń dín kù. Irùngbọ̀n lè gba oṣù kan sí méjì. Ní báyìí, ẹ wá mítà TDS, ẹ wọn omi bọ́ọ̀hóòlù yẹn àti píọ̀ wọ́tà tí ẹ ń rà, kí ẹ kọ iye méjèèjì ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ra iyọ̀ mìíràn.