Ta ló ni adùn nínú "Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ́dẹ́"?

Ará Àjàṣẹ́ kan ló béèrè pé, ṣé òótọ́ ni àlàyé tó gbọ́, pé "Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ́dẹ́ ti dé òpin ìran" ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ń gbádùn iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dára. Rárá o! Ta ló ń kọ́ ọmọ èèyàn nírú èyí? Ojú ẹni tó ń wo Gẹ̀lẹ́dẹ́, ijó tí wọ́n ń gbé ère sórí jó, ni òwe yẹn ń sọ, kò dárúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà rárá. Òǹwòran ló ni adùn, oníṣẹ́ ló ni ìfarabalẹ̀. Tá a bá rí iṣẹ́ tó pójú owó, "ó farabalẹ̀ ṣe é" là ń wí. Ó fi ara balẹ̀ síbẹ̀, yálà iṣẹ́ ń dùn mọ́ ọn ni o, àbí ó ti sú u. Àwọn tó tún ń fi "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" tì í lẹ́yìn, bí èèyàn ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ òṣì ni òwe yẹn ń sọ, kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ́dẹ́ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Igi ọ̀mọ̀ dára fún un, ó rọ̀, kò sì wúwo. Ọnà lílé ló ṣáájú: àáké ń yọ orí àti ojú lára ìtì igi, èèrún ń fò, kò sí ọmọ iṣẹ́ tínú rẹ̀ kì í dùn níbẹ̀. Àlẹ́túnlẹ́ tẹ̀ lé e, ìyẹn títún un gbẹ́ kí ìrísí rẹ̀ yọ dáadáa, lẹ́yìn náà dídán, kí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, lẹ́yìn náà fínfín, ìyẹn ọnà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ inú rẹ̀ náà kó lè jókòó sórí oníjó, ibẹ̀ sì ni adùn ti ń tán. Òkùnkùn ni, apá ń ro ni, kò sí òǹwòran tó máa rí i. Bó bá nípọn jù, ọrùn oníjó gbé. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, ó fọ́. Èyí tó burú jù ni kó nípọn níhìn-ín kó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún: igi tútù ni, ibi tó fẹ́lẹ́ á ti gbẹ tán nígbà tí ibi tó nípọn ṣì lómi, ère á sì sán láàárín méjèèjì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò sínú, ìka kan sóde, tí wọ́n á máa fi tọ́ ọ wò yí ká. Ibi òjìji ni wọ́n sì ń sá a sí, kì í ṣe oòrùn.

Láyé ìsinsìnyí, àwọn kan á ti kùn ún lọ́dà kó tó gbẹ. Orúkọ Gẹ̀lẹ́dẹ́ wà nínú ìwé àṣà àjogúnbá UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, láti 2008, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ mélòó ló lè ka ìpele mẹ́rin yẹn fún yín?

Mi ò ní kí oníṣẹ́ máa sunkún. Adùn ló ń mú ọmọ iṣẹ́ padà wá lọ́la. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yin ère, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wo inú. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìfarabalẹ̀, àpá àáké inú rẹ̀ á kéré, á dọ́gba, títí dé ibi tí iṣẹ́ ti sú ẹni tó gbẹ́ ẹ.