Laptop tó ń dákẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ ní laptop yín máa ń falẹ̀ tí ẹ bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, fáànù rẹ̀ á máa hó, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ṣí Task Manager, ojú ìwé Windows tó ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà hàn, báyìí, ara rẹ̀ á rọlẹ̀, ẹ ò sì ní í rí nǹkan kan mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó sórí RAM. Ohun tó ṣe mí lọ́dún 2021 nìyẹn, oṣù mẹ́rin gbáko ló sì fi jẹ mí níyà.

Èmi ra RAM. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n gbọn eruku inú fáànù, wọ́n pààrọ̀ paste orí processor. Kò yí padà. Bátìrì tó máa ń gbé mi fún wákàtí mẹ́ta tí iná bá lọ kò tún pé wákàtí kan mọ́. Lóru ọjọ́ kan, mo jókòó tì í láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Fáànù bẹ̀rẹ̀ ariwo, abẹ́ rẹ̀ gbóná débi pé mi ò lè gbé e lé itan. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Kí Task Manager tó yọjú tán, ariwo ti ń lọ sílẹ̀, bí eku tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ onílé. Mo pa á dé, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dán an wò. Àyà mi já.

Mining ni àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà mi ṣe: sọ́fítíwíà tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ ń lo agbára rẹ̀ láti wá owó crypto fún wọn. Monero, ọ̀kan lára owó crypto, ni irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wá, torí láti ìparí 2019 tó ti bọ́ sórí RandomX, ìlànà ìṣirò kan, CPU (processor) lásán ló bá a mu jù. Púpọ̀ nínú wọn ló sì máa ń ṣọ́ Task Manager, kí wọ́n lè sá pamọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣí Task Manager rárá. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bíi wákàtí méjì, kí ẹ wá ṣí PowerShell, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ èyí:

Get-Process | Sort-Object CPU -Descending | Select-Object -First 10 Name, Id, CPU, Path

CPU tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Àpapọ̀ ìṣẹ́jú àáyá tí processor ti lò fún un látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ni, kò sì ṣeé fi pamọ́ nípa dídákẹ́ lójijì. Lọ́dọ̀ tèmi, ohun kan tó ń jẹ́ svchost, orúkọ ètò kan tó jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀, ti jẹ lé ní 20,000, nígbà tí browser tí mo ṣí látàárọ̀ kò tíì jẹ 900. Ẹ wo Path rẹ̀, ìyẹn fódà tó wà, dáadáa: inú C:\Windows\System32 tàbí SysWOW64 ni svchost tòótọ́ máa ń wà. Inú AppData, fódà tí àwọn app ń kó nǹkan wọn sí, ni tèmi wà.

Mo pa fáìlì náà rẹ́, inú mi dùn. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti padà. Task Scheduler, ohun tí Windows fi ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá tò sílẹ̀ fún un (task), ló ń pè é ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé, pẹ̀lú orúkọ tó jọ ti updater. Wọ́n tún ti kọ fódà yẹn sínú Exclusions nínú Windows Security, kí antivirus má baà wò ó. Ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì ná, ẹ yọ task náà, ẹ yọ exclusion náà, kí ẹ tó wá ṣe Microsoft Defender Offline scan, tó máa ń yẹ kọ̀ǹpútà wò kí Windows tó jí.

Sọ́fítíwíà fídíò tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ ni mo fi gbé e wọlé. Wọ́n ní kí n pa antivirus kí n tó fi sórí ẹ̀rọ, mo sì pa á. Tí ẹ̀yin náà bá ti ṣe irú ẹ̀, orí fóònù ni kí ẹ ti pààrọ̀ password báńkì àti ímeèlì yín lónìí, torí ohun tó ń jí password sábà máa ń bá a rìn.

Tí fáànù ò bá dákẹ́ nígbà tí ẹ ṣí Task Manager, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ẹ ka ìlà mẹ́wàá yẹn fún mi, pẹ̀lú Path wọn.